Ẹ̀yin aránṣọ, ibo nínú fóònù lẹ ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí?

Àbẹ̀ní_Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Aṣọ obìnrin ni mo ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Kútọ̀. Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá gba orí páànù wọlé, orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ sì ni ìwé ìwọ̀n mi wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti mu ún yó. Gbogbo èyí tí mo fi bírò oníjẹ́ẹ̀lì kọ ti di aró. Ojú ewé díẹ̀ tó jẹ́ bírò lásán ṣì ṣeé kà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dáńlóòdù áàpù kan tí wọ́n ṣe fún àwa télọ̀. Mo wò ó, oṣooṣù ni wọ́n ń gbowó, tí kò bá sì sí dátà kì í ṣí. Fóònù mi náà ti kún, Tecno ni, kò tiẹ̀ fẹ́ gba fọ́tò mọ́. Ẹlòmíràn tún sọ pé gbogbo ohun tí mò ń wá ti wà nínú fóònù kí n tó rà á, pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, kò júwe ọ̀kankan fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń lò? Mo fẹ́ ibi tí n ó máa kọ ìwọ̀n sí, àti ibi tí n ó máa kọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba aṣọ sí. Mo tún fẹ́ kí fọ́tò sítáìlì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ yéé dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ mi. Aṣọ ẹbí ti ń wọlé, Oṣù Kejìlá ò sì ní pẹ́ dé.

Bọ̀dá_Kọ̀ǹpútà

Excel ni kẹ́ ẹ lò, àǹtí mi. Orúkọ lápá òsì, ìwọ̀n lápá ọ̀tún, ó tán. Tí kò bá sí lórí fóònù yín, Google Sheets náà dára.

Ìyá_Alábẹ́rẹ́, Ìbàdàn

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fi ọwọ́ kan mú téèpù rí, kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì wá àpótí kékeré kan lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ló ni Excel.

Àbẹ̀ní, pẹ̀lẹ́ ti ìwé o. Ibi tí nọ́ńbà oníbàárà wà ni èmi ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Contacts náà ni mò ń wí, ibi tí o ti ń wá orúkọ tí o bá fẹ́ pe ènìyàn. Kò sí oníbàárà tí nọ́ńbà rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ rẹ, àbí? Tẹ orúkọ rẹ̀, tẹ àmì pẹ́ńsù tó wà lókè, fà á lọ sísàlẹ̀. Tí o bá rí More fields, tẹ ẹ́, kí o wá wo ìsàlẹ̀ pátápátá, wàá rí Notes. Ibẹ̀ ni kí o kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló ń gbà, kò sì nílò dátà kó tó ṣí. Bí oníbàárà bá pè láti Èkó pé kí o bá òun gé bùbá mìíràn, orúkọ rẹ̀ tí o máa ṣí náà ni ìwọ̀n rẹ̀ wà.

Bí tèmi ṣe máa ń rí nìyí, íǹṣì ni gbogbo rẹ̀:

Èjìká 16. Àyà 40. Abẹ́ ọmú 34. Ìbàdí 35. Ìdí 45. Èjìká dé ọmú 10½. Èjìká dé ìbàdí 16. Gígùn apá 9, fífẹ̀ rẹ̀ 14. Gígùn kaba 58. Kò fẹ́ kó fún un ní ìdí. Èjìká òsì wálẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Oṣù Kẹjọ.

Bí mo ṣe to ó yẹn ni mo ń to ti gbogbo ènìyàn, kí ojú mi lè mọ ibi tí yóò lọ tààrà tí sísọ́sì bá ti wà lọ́wọ́. Má fojú di oṣù tó wà nígbẹ̀yìn yẹn. Ara kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bímọ láàárín, àti ìyàwó ojú ọ̀nà tó ń sáré láràárọ̀ kí ikùn lè wọlé, ìwọ̀n Oṣù Kẹjọ lè má bá wọn mu mọ́ ní Oṣù Kejìlá. Tí mo bá rí i pé ó ti pẹ́, n ó ní kó yà wá kí n tún un wọ̀n. Ti èjìká tó wálẹ̀ yẹn sì ńkọ́? N ò tíì rí áàpù télọ̀ tó ní àyè fún un, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń ba bùbá jẹ́.

Nǹkan méjì ni kí o ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, wo ibi tí fóònù rẹ ń tọ́jú orúkọ sí. SIM ò mọ̀ ju orúkọ àti nọ́ńbà lọ, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, Notes ò ní jáde rárá. Àkáǹtì Google rẹ, ìyẹn Gmail tí o fi ṣí fóònù, ni kí o yàn. Èkejì, bí ẹnìkan bá ní kí o fún òun ní nọ́ńbà oníbàárà rẹ, má fi káàdì orúkọ ránṣẹ́, torí ohun tó wà nínú Notes lè bá a lọ, kí gbogbo àdúgbò wá mọ fífẹ̀ ìdí ìyàwó olóyè. Nọ́ńbà nìkan ni kí o kọ ránṣẹ́.

Fún aṣọ ẹbí, Google Contacts ní ohun tí wọ́n ń pè ní Label. Mo máa ń dá ọ̀kan sílẹ̀ fún ìnáwó kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kó gbogbo àwọn tó bá gbé aṣọ wá sábẹ́ rẹ̀. Tí ìyá ìyàwó bá pè pé mélòó ló ti dé, n ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní máa ka àpò ọ̀rá.

Ọjọ́ gbígbà, Calendar ni. Má sọ fún mi pé aláàmù tó. Aláàmù á dún, wàá pa á, ó tán. Calendar ń jẹ́ kí o rí odindi ọ̀sẹ̀ kan kí o tó gba aṣọ tí apá rẹ ò ní ká. Èmi kì í kọ ọjọ́ òde síbẹ̀. Tí òde bá jẹ́ Sátidé, Ọjọ́rú ni mo ń kọ, mo sì ní kó rán mi létí ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń wá dán an wò, Ọjọ́ Ẹtì wà fún àtúnṣe àti fún iná tí wọ́n bá mú lọ. A kúkú mọ ohun tí aráyé ń sọ nípa télọ̀ àti "ó ku sípù nìkan".

Ti fọ́tò. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ dé, kó tó kúrò níwájú mi, mo tẹ́ aṣọ yẹn sórí tábìlì. Mo kọ orúkọ rẹ̀, iye yáàdì àti owó tó san sílẹ̀ sórí bébà, gàdàgbà-gàdàgbà, mo gbé bébà lé aṣọ lórí, mo yà á. Bí àbàwọ́n bá ti wà lára léèsì tẹ́lẹ̀, mo sún mọ́ ọn, mo ya ibẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹjọ́ "báyìí kọ́ ni mo ṣe gbé e wá" ti parí nìyẹn. Sítáìlì tó mú wá ni mo ń yà tẹ̀ lé e. Inú Google Photos, mo ní album kan tó ń jẹ́ Ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ ń wọ ibẹ̀. Bébà yẹn tún wúlò lọ́nà mìíràn: tí fọ́tò bá ti gòkè sí àkáǹtì Google, Photos lè ka ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀. Mo kàn ń kọ orúkọ oníbàárà sí Search, aṣọ rẹ̀ á sì sábà jáde, tí mo bá ti fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́.

Àbẹ̀ní_Aránṣọ

Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Lórí orúkọ àwọn kan, mo rí Notes. Lórí àwọn mìíràn, orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ẹ ṣe wí. Báwo ni mo ṣe máa kó àwọn yẹn kúrò lórí SIM? Àwọn ọmọdé tí wọn ò ní nọ́ńbà ńkọ́? Tí fóònù bá wá sọnù, ṣé kì í ṣe òjò mìíràn ló tún rọ̀ sórí mi yẹn?

Dókítà_Fóònù, Ìlọrin

Ẹ má fòyà, kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ ṣí Google Contacts, ẹ wá Organize tàbí Settings rẹ̀, ẹ máa rí Import from SIM. Yóò bi yín pé àkáǹtì wo, ẹ yan Gmail yín. Láti ìgbà náà lọ, bí fóònù bá sọnù, Gmail yẹn náà ni kí ẹ fi wọ fóònù tuntun, orúkọ àti ìwọ̀n á padà wá. Ẹ tiẹ̀ lè lo kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, kí ẹ lọ sí contacts.google.com, ẹ máa rí wọn níbẹ̀. Tí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ jáde o.

Ẹ tẹ *#06# báyìí, nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín, á jáde, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ fi sílé. Find My Device, áàpù tí a fi ń wá fóònù tó sọnù, tí Google sọ di Find Hub ní 2025, lè mú kí fóònù dún bí ẹ bá tiẹ̀ ti pa ohùn rẹ̀. Ó lè tì í pa, ó sì lè nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé ó ti wà ní títàn kí ìṣòro tó dé.

Ní ti pé fóònù kún, mo rí i lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀pọ̀ ìgbà WhatsApp ló fà á. Ẹ lọ sí Settings rẹ̀, Storage and data, ẹ yọ gbogbo àmì tó wà lábẹ́ Media auto-download. Fídíò àdúrà òwúrọ̀ tí wọ́n ń jù sínú gúrúùpù ò ní máa wọlé fúnra rẹ̀ mọ́, dátà yín náà á pẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí áàpù Files ti Google, ẹ tẹ Clean, á fi fọ́tò tó jẹ́ méjì-méjì àti fídíò ńlá hàn yín. Ẹ wò wọ́n dáadáa kí ẹ tó pa wọ́n rẹ́.

Kí n fi kún ọ̀rọ̀ Photos tí màmá sọ: 15GB ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń pín in, láti 1 Oṣù Kẹfà 2021 sì ni fọ́tò tuntun ti ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ má gbé fídíò ìgbéyàwó gòkè síbẹ̀.

Tí oníbàárà bá fẹ́ wo sítáìlì lórí fóònù yín, ẹ wá App pinning nínú Settings, ní abẹ́ Security. Á há mọ́ áàpù Photos tí ẹ ṣí fún un, tí ẹ bá sì ti ní kó máa béèrè PIN kó tó jáde, kò ní lè fà á dé ibi tí WhatsApp yín wà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham

Aránṣọ ni èmi náà, iPhone ni mò ń lò. Notes wà nínú Contacts tiwa náà. Áàpù kan wà lórí rẹ̀ tó ń jẹ́ Measure, tó ń fi kámẹ́rà wọn nǹkan. Ẹ lè fi wọn tábìlì tàbí fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọn ènìyàn, ìwọ̀n tó ń fún yín ò pé tó ti téèpù. Àwọn kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi ìwọ̀n kámẹ́rà yẹn ránṣẹ́ sí télọ̀ wọn nílé, aṣọ á wá dé, kò ní kọjá èjìká.

Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ má tíì ju ìwé tó rin yẹn nù. Ẹ sá a sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Ẹ ṣí Google Drive, àmì kámẹ́rà wà níbẹ̀, ẹ fi ya àwọn ojú ewé tó ṣì ṣeé kà, á kó wọn jọ sí PDF kan ṣoṣo. Kí ẹ wá máa dà wọ́n kọ sínú Contacts díẹ̀díẹ̀ bí oníbàárà bá ṣe ń wá.

Ìyá_Alábẹ́rẹ́, Ìbàdàn

Ẹ káre, ẹ̀yin ọmọ mi. Àbẹ̀ní, abẹ́ orúkọ ìyá wọn ni mò ń kọ ti ọmọdé sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí ọmọ. Mo tún ń kọ bí mo ṣe fi ìṣẹ́tí sílẹ̀ tó, torí ìyá náà máa padà wá ní kí n tú u.

Tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ò bá sí nítòsí tí mo fẹ́ wọn ènìyàn, mo máa ń tan Recorder tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo gbé fóònù sórí maṣíìnì, mo ń pe ìwọ̀n jáde bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n. Tó bá lọ tán, mo gbọ́ ọ, mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí èrò bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó sanra. A kì í pariwo ìdí ẹni láàárín ọjà. Ìwé pélébé ni mo fi ń ṣe tirẹ̀.

Tí mo bá ń gé aṣọ, mi ò gbé ìpè. Mo tan Do Not Disturb tí kì í jẹ́ kí ìpè dún, mo fi ìràwọ̀ sí orúkọ ọkọ mi, àwọn ọmọ àti ilé ìwé wọn, àwọn nìkan ló lè wọlé. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Repeat callers, mo fi í sílẹ̀ ní títàn nítorí wàhálà: ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú 15, fóònù á dún fún un. Àwọn oníbàárà mi kan ti mọ àṣírí yẹn. Nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta sí òde, ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra-tẹ̀léra ni wọ́n ń pè mí.