Kí ló dé tí epo rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í tètè yí padà?

Olùkọ́ Adó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Adó-Èkìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí léèrè ìdí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Soyuz ti Rọ́ṣíà fi ń jó kẹrosíìnì àti ọ́síjìn olómi títí di òní, gẹ́gẹ́ bí rọ́kẹ́ẹ̀tì R-7 tó gbé sátẹ́láìtì Sputnik lọ sókè lọ́dún 1957 ti ṣe. Ìbéèrè náà jinlẹ̀, mi ò sì fẹ́ dá a lóhùn gbàù.

Ọmọ Ìkéré: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Tíṣà. Ìṣirò tí Tsiolkovsky ará Rọ́ṣíà tẹ̀ jáde lọ́dún 1903 ló so àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́: bí gáàsì tó ń tú jáde ṣe ń sáré tó àti bí epo ṣe pọ̀ tó ló ń pinnu bí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ṣe yára tó. Kí nǹkan tó lè máa yí ayé po nítòsí láìjábọ̀, ó gbọ́dọ̀ máa sáré ní kìlómítà 7.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ gáàsì tó ń tú jáde nídìí ẹ́ńjìnnì oníkẹrosíìnì kì í ju nǹkan bí 3.5 lọ. Nítorí náà, nínú 100 kìlógíráàmù rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣì dúró lórí ilẹ̀, epo àti ọ́síjìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kó 90. Ìyókù ni táǹkì, ẹ́ńjìnnì àti ẹrù yóò pín láàárín ara wọn. Haidirójìn lágbára jù ú lọ, nítorí gáàsì tirẹ̀ ń sáré tó nǹkan bí 4.4, ṣùgbọ́n ẹ wo ìnira rẹ̀: lítà kẹrosíìnì kan wúwo tó nǹkan bí 800 gíráàmù, lítà haidirójìn olómi kò sì ju nǹkan bí 70 lọ, táǹkì rẹ̀ yóò wá tóbi gan-an, wọ́n yóò sì tún máa ṣọ́ ọ kó má bàa gbóná kọjá −253°C.

Arábìnrin Ìkọ̀lé: Òótọ́ ni, àmọ́ ìṣirò nìkan kọ́. Ohun ìjà ni R-7 kó tó di ọkọ̀ òfuurufú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé rọ́kẹ́ẹ̀tì Kosmos-3M tó gbé sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 wa lọ lọ́dún 2003 ti wá, epo olóró tí kò nílò òtútù ni òun sì jó. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀, owó rẹ̀ ti jáde. Ta ni yóò wó o lulẹ̀ láìnídìí? Ẹni tó bá pààrọ̀ epo yóò pààrọ̀ táǹkì, páìpù, ẹ́ńjìnnì àti ibùdó tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú. Ewu ìyípadà sì ga: nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, Ariane 5, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n mú láti ara Ariane 4 àtijọ́ ló bà á jẹ́ ní June 1996, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi gbéra.

Olùkọ́ Adó: Ẹ ṣeun púpọ̀. Epo mẹ́ténì tí wọ́n ń sọ nísinsìnyí ńkọ́?

Ọmọ Ìkéré: Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ July 2023 ni Zhuque-2 ti Ṣáínà tó di rọ́kẹ́ẹ̀tì onímẹ́ténì àkọ́kọ́ tó dé ojú ọ̀nà yíyí ayé po. Ohun tó jẹ́ kó níyì ni pé kì í fi èédú sínú ẹ́ńjìnnì bíi ti kẹrosíìnì, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ lo ẹ́ńjìnnì kan náà léraléra. Ṣùgbọ́n Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń padà wá balẹ̀ láti December 2015, kẹrosíìnì ló ṣì ń jó.