Bí àwọn arúgbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀: fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú nílùú ọba

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó, ìyá ẹni ọdún 85 ò ní la ẹnu sọ pé òun fẹ́ tọ̀. “I need to spend a penny” lẹ máa gbọ́. Kì í ṣe owó ló ń tọrọ o. Láyé ìgbà kan, pẹ́nì kan ni wọ́n ń sọ sínú àgádágodo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ibi tí ọkùnrin ti ń dúró tọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ìyá. Bàbá ní tiẹ̀ lè ní òun fẹ́ “see a man about a dog”, tàbí kó ní “I need a Jimmy”. “Jimmy Riddle” ni wọ́n gé kúrú, torí ó bá “piddle” dún pọ̀: ìtọ̀ ni.

“I've had an accident” ló ń da àwọn ẹni tuntun láàmú jù. Kò ṣubú, ó ti tọ̀ sára ni. Ẹ rọra mú un kúrò láàárín èrò, ẹ má pariwo “pad” (ìlédìí àgbà) káàkiri yàrá ìjẹun.

Bó bá sì ti béèrè, ẹ má ní kó dúró díẹ̀. Kò ní lè mú un mọ́ra, á dá dìde, á ṣubú. Ẹ gbé kọmóòdù, àga ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní táyà, wá, ẹ ti bíréèkì rẹ̀, kí ìyá fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kàn án, kó fọwọ́ di apá àga mú kó tó jókòó. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra lè má sọ nǹkan kan: bó bá ti ń fa aṣọ ara rẹ̀, tó ń dìde tó ń jókòó, ẹ ti gbọ́ nìyẹn.

—

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ti òkè yìí. Ẹ jẹ́ n fi ti wọ́ọ̀dù kún un. “Have you opened your bowels?” ni nọ́ọ̀sì máa ń bi aláìsàn, tàbí “Have you been today?” Nínú fáìlì, BO ni ó yàgbẹ́, BNO ni kò yà, PU ni ó tọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà Bristol Stool Chart, àtẹ tó ń fi bí ìgbẹ́ ṣe rí hàn, sí i, láti 1 dé 7: 1 le kóró-kóró bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, 3 àti 4 ló dára, 7 omi lásán ni. “Large BO” nìkan ò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín lálẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún 7 yẹn o. Bí ẹni tó ti ń gba BNO láti ọjọ́ mélòó kan bá ṣàdédé ń ṣu omi, ó lè jẹ́ pé ìgbẹ́ líle ló dí i nínú, tí omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ni, tí wọ́n lọ fún un lóògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, ẹ dá kún ìnira rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ ka iye ọjọ́ BNO náà fún un.

—

“Bog” (ilé ìgbọ̀nsẹ̀), “have a slash” àti “piss” (kéèyàn tọ̀): ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin nílé ọtí ni, ẹ má sọ ọ́ sí aláìsàn. “Are you taking the piss?” ò sì kan ìtọ̀ rárá, ó ń bi yín bóyá ẹ̀ ń fòun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. “Loo” (ilé ìgbọ̀nsẹ̀) ti tó yín ní Britain. Ẹni tó bá ré kọjá sí Amẹ́ríkà, kó máa sọ “bathroom” tàbí “restroom”, Kánádà, “washroom”. “I want to ease myself” tí a kó bọ̀ láti ilé, wọ́n á kọ́kọ́ wò yín lójú ná kó tó yé wọn.