Oògùn tí mò ń fín símú yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, gààrí ni mò ń tà. Tí ọyẹ́ bá ti pàdé eruku gààrí báyìí, mo máa ń sín títí ni, imú á dí, ojú á máa yún mi. Dókítà kọ fluticasone fún mi: kí n fín in lẹ́ẹ̀mejì sí ihò imú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ọjọ́ kẹfà rè é, ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ̀ mí díẹ̀ ni. Wọ́n ti sọ pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kò dà bí èyí tó ń la imú lójú ẹsẹ̀, tí mo lò fún oṣù kan gbáko lọ́dún tó kọjá, tí imú wá dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. (Ojú mi rí nǹkan!)

Ṣùgbọ́n lánàá, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde nímú òsì. Ọmọ mi ní ògiri àárín imú ni mò ń fín in sí, pé kí n máa fi ọwọ́ ọ̀tún fín ti òsì, kí ẹnu ìgò kọjú sápá etí. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ń ṣe? Ṣé kí n dá a dúró ná, àbí kí n tètè pa dà sọ́dọ̀ dókítà? Ìyá mi ní gúlákómà (àrùn ojú tó lè fọ́ni lójú), n kò sì rántí sọ fún dókítà.