Físà Ìlú Ọba kò gbé wa dé Dublin o

Láti Manchester: Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó ní Dublin lóṣù Kejìlá. Físà iṣẹ́ ni mo fi ń gbé níbí, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ní kí n wọ bàálù lọ sí Belfast ní Northern Ireland, tó jẹ́ apá kan Ìlú Ọba, kí n wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ lọ sí Dublin, pé kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni?

Láti Dublin: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ tẹni yẹn. Lóòótọ́, kò sí géètì kankan ní ààlà, láàárín Newry ní Northern Ireland àti Dundalk ní Ireland. Ohun tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé ẹ ti kọjá ni pé pátákó ojú títì tó ń ka máìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í ka kìlómítà. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá Ireland máa ń dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n á ní kí èrò mú ìwé jáde.

Láti London: Ohun tó ń tan àwọn èèyàn wa jẹ nìyẹn. Àdéhùn Common Travel Area, tó jẹ́ kí ọmọ Ìlú Ọba àti ọmọ Ireland máa lọ máa bọ̀ láìgba físà, ti wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì láti nǹkan bí ọdún 1922. Ogun àgbáyé kejì dá a dúró, wọ́n dá a padà lọ́dún 1952. Nígbà tí Ìlú Ọba ń múra àtikúrò nínú European Union, wọ́n tún tọwọ́ bọ̀wé lóṣù Karùn-ún 2019 pé àwọn ò ní pa á tì. Àmọ́ ọmọ Ireland àti ọmọ Ìlú Ọba ni wọ́n ṣe é fún. Físà àjọlò, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó ń gbéni wọ orílẹ̀-èdè méjèèjì, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 2014 pàápàá, ọmọ China àti India nìkan ló kàn. Ó ń dùn mí gan-an, torí àwa náà ní ẹbí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Láti Manchester: Àwọn ọmọ mi tó ní ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba ńkọ́?

Láti Dublin: Wọn ò nílò físà. Ẹ̀yin lẹ máa gba tiyín. Ẹ kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ fi lẹ́tà ìpè láti ọwọ́ àbúrò yín, lẹ́tà ibi iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́fà tì í. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Láti Belfast: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Dublin náà, káàdì ibùgbé Ireland kò tó láti fi wá kí wa níbí. Físà Ìlú Ọba lẹ máa gbà, bó tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.