Ìpele IIC tàbí ìpele III: èwo ni ti kókó inú imú àbúrò mi?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ní kókó angiofibroma (kókó tí iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀) lẹ́yìn ihò imú. Dókítà kan kọ ọ́ pé ìpele IIC ni, òmíràn sì kọ ìpele III, bẹ́ẹ̀ àwòrán CT kan náà ni àwọn méjèèjì wò. Ta ni ká gbà gbọ́? Bí kì í bá sì ṣe jẹjẹrẹ, kí ló dé tí wọ́n fi ń ka ìpele fún un?

Èsì kìíní
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì tọ̀nà. Kókó yìí, tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sábà máa ń ṣe, kì í fò lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀ bíi jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń gba àwọn ihò tóóró àárín egungun kọjá, ó sì máa ń jẹ egungun náà. Ibi tó dé ni ìpele ń sọ. Ètò tí àwọn dókítà fi ń ka ìpele yìí ju ẹyọ kan lọ. Nínú ètò Radkowski ti ọdún 1996, ìpele I kò tíì kọjá imú, ẹ̀yìn imú àti àwọn ihò afẹ́fẹ́ inú egungun ojú. Ìpele II ti wọ àlàfo ẹ̀yìn àgbọ̀n òkè, tó bá sì ti yà sí ẹ̀gbẹ́ dé abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di IIC. Ìpele III ti jẹ ìpìlẹ̀ agbárí. Nínú ètò Snyderman ti ọdún 2010, ibi tí Radkowski ń pè ní IIC yẹn gan-an lè jẹ́ ìpele III. Ẹ bi wọ́n pé ètò wo ni oníkálukú lò.

Èsì kejì
Mo fara mọ́ èsì òkè yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín wákàtí 24 sí 72 ṣáájú, wọ́n á dí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún kókó náà. Bí ó bá ṣì ń rí ẹ̀jẹ̀ fà lẹ́yìn èyí, pàápàá láti ara iṣan ńlá tó ń lọ sí ọpọlọ, ètò Snyderman á gbé e sí ìpele IV, tàbí V bó bá ti wọ inú agbárí. Nítorí náà, ìpele III tí wọ́n kọ lónìí ṣì lè yí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí iṣan, láìjẹ́ pé kókó náà dàgbà rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò nínú yàrá ìgbàtọ́jú lásán, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣòro dá dúró.

Oníbèérè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Màá ní kí wọ́n kọ orúkọ ètò náà sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ìpele nínú ìwé rẹ̀.