Kọ́ńdọ́ọ̀mù bẹ́ lálẹ́ Sátidé: ṣé oògùn PEP ṣì lè ṣiṣẹ́?

Olùbéèrè, Ìbàdàn: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Aago 11 alẹ́ Sátidé ni èmi àti ọkùnrin kan jọ wà pọ̀ tí kọ́ńdọ́ọ̀mù fi bẹ́. Mi ò mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Àárọ̀ Mọ́ńdè rèé, aago 8. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo ampiclox, kí n sì fi omi iyọ̀ fọ abẹ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ ṣàyẹ̀wò ná, kí n mọ̀ bóyá mo ti kó HIV?

Nọ́ọ̀sì: Àbúrò, gbéra báyìí. Wákàtí 33 ti lọ nínú 72 tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ PEP, oògùn tí èèyàn ń lò kí HIV má bàa ràn án lẹ́yìn irú nǹkan báyìí. Aago 11 alẹ́ ọ̀la ló máa pé. Má torí ìyẹn dúró dọ̀la o, nítorí bó bá ṣe tètè wọ ara tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Kòkòrò náà á kọ́kọ́ wà níbi tó gbà wọlé kó tó tàn ká ara, oògùn yìí ni kò ní jẹ́ kó ráyè bí sí i. Tó bá ti tàn tán, PEP ò lè lé e jáde mọ́.

Àyẹ̀wò òní ò lè sọ nǹkan kan nípa Sátidé. Ohun tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ló máa fi hàn. Wọ́n á ṣáà ṣe é, torí ẹni tó bá ti ní HIV tẹ́lẹ̀, ìtọ́jú gan-an ló kàn án, kì í ṣe PEP. Bakitéríà ni ampiclox ń pa, kò lè ṣe HIV ní nǹkan kan. Omi iyọ̀ á kàn bó ojú ara, ọ̀nà á wá là fún kòkòrò. Jọ̀ọ́, má fi nǹkan kan fọ inú.

Dókítà: Kí ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá tiẹ̀ ní HIV tí kò lo oògùn, nínú ìbálòpọ̀ ojú ara 10,000, bíi 8 ni obìnrin ti ń kó o. Ti ihò ìdí ló ga jù, bíi 138. Egbò tàbí àtọ̀sí máa ń jẹ́ kó lé sí i. Ẹni tó ń lo oògùn déédéé tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn kí ẹ tó máa wá a kiri. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lè ṣàyẹ̀wò kó má hàn, nígbà tí kòkòrò kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dẹ́nu.

Olùbéèrè: Ibo ni kí n lọ? Èló ni?

Nọ́ọ̀sì: Jẹ́nẹ́rà tàbí ilé ìwòsàn Yunifásítì. Béèrè ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní oògùn HIV. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ìjọba, àmọ́ wọ́n lè gba owó káàdì. Sọ fún wọn pé kọ́ńdọ́ọ̀mù ló bẹ́, kó o sì dárúkọ wákàtí tó bẹ́.

Apòògùn: TLD ni wọ́n sábà máa ń fúnni: tenofovir 300mg, lamivudine 300mg àti dolutegravir 50mg nínú hóró kan. Ẹyọ kan lójúmọ́, wákàtí kan náà, fún ọjọ́ 28. Ẹni tó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹwàá torí pé ara ti yá kò lo PEP rárá. Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ máa fi oúnjẹ lò ó. Bí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ máa lò ó láàárọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún blood tonic, calcium àti oògùn ọgbẹ́ inú tó jọ ẹfun: wọ́n máa ń dè mọ́ dolutegravir nínú ikùn, ara ò ní rí i gbà. Ẹ lo TLD ní wákàtí 2 ṣáájú wọn, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) wò, torí ẹni tó ní hepatitis B, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè gbóná nígbà tó bá dá TLD dúró. PEP ò dènà oyún o. Postinor lọ́tọ̀, òun náà kó má kọjá wákàtí 72.

Dókítà: Àyẹ̀wò tún ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, àti oṣù 3. Títí dìgbà náà, kọ́ńdọ́ọ̀mù ni, ẹ má sì fẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti lo àkọ́kọ́ ní aago 12. Hóró 30 ló wà nínú ike, kí ni mo máa fi méjì tó kù ṣe?

Apòògùn: Ẹ dá a padà fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má fún ọ̀rẹ́, hóró méjì ò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.