"Àjẹ́", "adìjì", àbí "ẹni-à-pè-lájẹ̀ẹ́"? Èsì mi lórí orúkọ ìtàn erékùṣù

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ sì kú iṣẹ́ èdè.

Àbúrò wa kan bèèrè orúkọ tí a lè fún irú ìtàn àròsọ kan báyìí: erékùṣù kékeré ni ibùdó ìtàn, kùrukùru bo gbogbo rẹ̀, àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ará àdúgbò ń sá fún, òkú kan sì sùn tí a ò mọ ẹni tó pa á. Ẹ̀gbọ́n kan dáhùn pé "ìtàn àjẹ́" ti tó. Ẹlòmíràn ní ká pè é ní "ìtàn ajẹmọ́dán". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ajẹmọ́dán ò wúwo tó. Idán, ńṣe là ń pa á kí ojú lè rí i. Onídán á wọ agbo, á di ọ̀nì, á di erè, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. A kì í torí idán sun ẹnikẹ́ni níná.

Àjẹ́ ló wúwo. Bí Yorùbá bá gbọ́ àjẹ́, ẹyẹ òru ló ń rò, ìpàdé orí ìrókò, ẹni tó ń jẹ ọmọ láti inú wá. Ó tún ń gbọ́ àwọn ìyá wa, tí wọ́n ń torí wọn jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tí à ń bẹ̀, tí à ń yẹ́ sí. Ẹ wá bá mi wò ó bóyá ó bá ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ti gidi mu.

Vardø ni mo ní lọ́kàn, erékùṣù kan ní ìpẹ̀kun Norway níhà àríwá, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá fún ohun tó lé ní oṣù kan nígbà òtútù. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1617 ku ọ̀la, ìjì kọ lu ọkọ̀ ìpẹja mẹ́wàá, 40 ọkùnrin sì bómi lọ. Ọdún yẹn náà ni Ọba Christian Kẹrin, tó ń jọba lórí Denmark àti Norway, ṣe òfin lórí ohun tí wọ́n ń pè ní "trolldom", ọ̀rọ̀ tiwọn fún iṣẹ́ òkùnkùn: ẹni tó bá bá Sátánì mulẹ̀ ni òfin náà ń wá. (Sátánì ni mo kọ o, n kò kọ Èṣù. Ohun tí àwọn atúmọ̀ èdè ti fi ojú Èṣù rí ti tó gẹ́ẹ́.) Nígbà tó di 1621, wọ́n ń ju obìnrin sínú òkun: bó bá léfòó, ó jẹ̀bi. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́wọ́ pé àwọn ta okùn ìpẹja ní kókó lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tutọ́ sí i, àwọn sì tú u, bẹ́ẹ̀ ni ìjì náà ṣe jà. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, 91 èèyàn ló ti bá ẹ̀sùn yìí lọ ní agbègbè Finnmark tí Vardø wà, obìnrin 77, ọkùnrin 14.

Kò sí ẹyẹ ìyàmi níbẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ ọmọ láti inú wá. Okùn ló wà níbẹ̀, àti òkun, àti ọkọ tí kò padà délé.

Ohun tó ká mi lára jù ṣì kù. Àjẹ́ lédè wa kì í ṣe orúkọ ẹ̀sùn. Orúkọ ohun tí èèyàn jẹ́ ni. Bí mo bá kọ "àjẹ́ náà ṣílẹ̀kùn" lójú ewé kìíní, mo ti jókòó sí àga adájọ́. Òwe wa á sì parí iṣẹ́ tó kù: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí òǹkàwé ṣe mọ apààyàn nìyẹn kí òkú tó tutù. Òwe yìí gan-an ni ilé ẹjọ́ Vardø fi dájọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ọ rí.

Nítorí náà, lẹ́nu asọ̀tàn, ẹni-à-pè-lájẹ̀ẹ́ ni mo fẹ́. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹnìkan ló pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu olùfisùn, mo dábàá "adìjì", ẹni tó ń fi okùn di ìjì. Èèdì ti wà lédè wa tipẹ́, kò ní ṣàjèèjì létí. Mo fún ẹ̀gbọ́n wa ní ibì kan ṣoṣo: ìyá tí òkun gbé ọmọ rẹ̀ lọ, tó ń pariwo lójú títì, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè jáde lẹ́nu rẹ̀ ju àjẹ́ lọ.

Ìṣe ẹni ni ká máa wò. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì mọ èyí: Gẹ̀ẹ́sì ń pe obìnrin Éńdórì ní àjẹ́, ṣùgbọ́n abókùúsọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ fún wa. Bákan náà ni ti Anders Poulsen, arúgbó kan lára àwọn Sámi, ẹ̀yà onílẹ̀ ìhà àríwá ibẹ̀, tí wọ́n gbé wá sílé ẹjọ́ ní Finnmark lọ́dún 1692 nítorí ìlù tó ń lù, tí ẹnìkan sì fi àáké pa á kí ìdájọ́ tó dé. Bí a bá kọ "oṣó" fún un, a ti bá wọn dá a lẹ́bi. Àwọn Sámi ní ọ̀rọ̀ tiwọn, noaidi, ẹni tó ń bá àwọn ẹ̀mí sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti orúkọ ìtàn fúnra rẹ̀, "ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" bá Lápàdé, atọpinpin inú ìwé Òkédìjí, mu, ṣùgbọ́n erékùṣù yìí ò ní ọlọ́pàá. Àdììtú ló yẹ é: ohun tí a dì tí kò ṣe é tú, ọ̀rọ̀ ìṣe méjèèjì tó wà lára okùn obìnrin yẹn náà. Fún ti kùrukùru àti òkùnkùn rẹ̀, mo mú "aṣúdẹ̀dẹ̀" wá, láti ara òjò tó ṣú dẹ̀dẹ̀ tí kò tíì rọ̀. Ìtàn àdììtú aṣúdẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tí ẹ wà láàárín wa, ẹ̀yin lẹ mọ òkun. Ṣé ẹ ní orúkọ kan nílé fún ẹni tí wọ́n ní ó ń pe ìjì? Bó bá wà, mo ṣe tán láti ju adìjì nù lónìí.